Géèmù Tí Mo Fi Pe Bàbá Mi

Òórùn ìpara tí àwọn àgbàlagbà fi ń pa orúnkún ni mo fi ń mọ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pé bàbá mi ti wọlé. Orúnkún àwọn arìnrìn-àjò Hájì tó ń ti Nàìjíríà wá ló ń bá wọn pa. Jarwal, ní Mẹ́kà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wá ilé fún wọn, ó ń mú wọn lọ yí Kaaba ká, ó ń wá ẹni tó bá sọnù. Èmi àti màmá mi wà ní Al-Nuzlah ní Jẹ́dà, níbi tí owó ilé ti rọjú díẹ̀. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ojú bó ṣe ń wálé wò ó, ẹ ó rò pé òkun ló là wọ́n láàárín. Ó mọ àlàájà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, ó sì mọ oògùn tó ń lò. Kò mọ kíláàsì tí mo wà. Bí mo bá fẹ́ bínú, màmá mi á ní, "Àlejò Ọlọ́run ni wọ́n o." Ta ló fẹ́ bá àlejò Ọlọ́run du bàbá? Mo bá gbé ìbínú mi mì.

Nígbà tí mo dàgbà, mo ń ṣe àwòrán ìpolówó ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Al-Mahjar, ní Jẹ́dà kan náà, mo sì ń fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù. Àfihàn géèmù kan fẹ́ wáyé nílùú wa. Ẹnì kan nínú àwọn tó fẹ́ kópa yọwọ́, wọ́n wá ní kí n gba àyè rẹ̀ bí mo bá lè parí tèmi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kò le rárá. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Ẹni tó bá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn á rò pé iléeṣẹ́ ńlá ni mo ní. Èmi ni ọ̀gá, èmi ni ayàwòrán, èmi ni mo ń ṣe orin inú rẹ̀, èmi náà ni mo tún ń jágbe mọ́ ara mi pé iṣẹ́ ò yá. Mo jó ìrẹsì màmá mi mọ́ ìkòkò títí ó fi lé mi kúrò nídìí ààrò.

Kò sí ogun nínú géèmù náà, kò sí ìbọn. Ọmọdébìnrin kan ló wà nínú yàrá kan, ẹni tó bá di páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù mú sì ni bàbá rẹ̀. Ó lè bá a jẹun, ó lè gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé, ó lè bá a wá bàtà rẹ̀. Bó bá ti gbé páàdì sílẹ̀ báyìí, ọmọ náà á yíjú sí i, á bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti ń lọ ni?" Ohùn tèmi ni. Lárúbáwá làwa tí wọ́n bí síbí fi máa ń dá àwọn òbí wa lóhùn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fẹ́ kí bàbá mi fi gbọ́ eléyìí. Màmá mi jókòó tì mí, ó ń tún un ṣe lẹ́nu mi. "Má pè é bí àjèjì," ló ń wí ṣáá. Kò béèrè ta ni ìbéèrè yẹn wà fún. Ó mọ̀.

Mi ò ṣe ìparí rẹ̀. Mo ní bí bàbá mi bá jókòó tì í, tó gbá a débi tí mo ṣe é dé, ohun tó bá ṣe ni màá fi parí ẹ̀. Ẹ wo òmùgọ̀ ọmọ. Mo rò pé ohun tí ẹkún ò lè ṣe, kọ̀ǹpútà á ṣe é. Mo pè é lórí fóònù, ó ní òun á wá, in ṣáà Allah.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ni àfihàn náà bọ́ sí. Ẹ má rò pé kò wá. Ó wá, tòun ti òórùn ìpara rẹ̀. Ó di páàdì mú bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyin lé lọ́wọ́. Ó bá ọmọ náà jẹun, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí mọ̀rọ̀ọ́ sọ o," ló wí. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, inú mi ń dùn. Fóònù rẹ̀ wá dún. Bọ́ọ̀sì kan ti dé Jarwal, wọn ò rí àlàájà kan. Ó gbé páàdì sílẹ̀, ó dìde.

"Bàbá, ṣé ẹ ti ń lọ ni?"

Ó dúró. Kò wo ẹ̀yìn tí mo wà. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò.

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi," ló dá a lóhùn, ó sì jáde. Ohun tó ti ń sọ fún mi láti kékeré náà nìyẹn. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá náà dáa. Ó dùn mí wọra, ó sì ń dùn mí di òní.

Mi ò fi nǹkan kan kún un mọ́. Bí bàbá bá ti jáde, ọmọ náà á jókòó, á kọjú sí ilẹ̀kùn, ó parí nìyẹn. Bàbá mi ṣì wà ní Jarwal. Àwọn arìnrìn-àjò tó bá gba Jẹ́dà kọjá ń sọ fún mi pé ó máa ń fi mí yangàn, pé ọmọ òun ṣe géèmù nípa òun. Wọ́n á gbàdúrà fún mi, wọ́n á ní bàbá rere ni Ọlọ́run fún mi, màá sì ṣe àmín. Kò tíì béèrè lọ́wọ́ mi rí bó ṣe parí.