Àtàǹpàkò Bíríkìlà

Ẹ wò ó, àbúrò mi yìí lè bí èèyàn nínú! Bíríkìlà ni, kò sì sí ilé kan ládùúgbò wa tí kò fọwọ́ kàn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Tíṣà là ń pe ọmọbìnrin náà láti kékeré, torí ó máa ń to bíríkì bàbá rẹ̀ bí ọmọ kíláàsì, á wá máa bá wọn wí. Ó ti rí ààyè níléèwé gíga àwọn olùkọ́. Ìjọba ní àwọn á sanwó rẹ̀, gbogbo ìwé sì ti pé. Ó ku kí bàbá rẹ̀ tẹ̀ka sórí ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì ìjọba, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun gan-an ni bàbá tó wà nínú ìwé.

Ó tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún, iná pupa. Ó tẹ tòsì, iná pupa. Ó tẹ gbogbo ìka tó kù, pupa ṣáá.

Akọ̀wé tó wà nídìí ẹ̀rọ ní, "Bàbá, ìka yín ò ní ìlà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi, bóyá á tún hù. Àmọ́ tó bá kọjá Fúráídè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíì la máa fún ní ààyè ọmọ yín o."

Mo fa ọwọ́ rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ń dán gbinrin. "Kí lo fi fọ ọwọ́ yìí?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ gbé sìmẹ́ǹtì wọ ọ́fíìsì ìjọba ni mo ṣe fi sáńpépà ha á."

"Sáńpépà kẹ̀! Ṣé ilẹ̀kùn ni ẹ́ ni?" Ìwọ̀nba ìlà tí sìmẹ́ǹtì fi sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ha á dànù!

Mo kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Tàárọ̀ tọ̀sán ni mò ń fi fasilíìnì ra ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń ráhùn pé mo ti sọ òun di ọmọ ọwọ́. Ẹlòmíì wá ń mọ ògiri lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń tò ó wọ́gọwọ̀gọ. Àbúrò mi ki ọwọ́ méjèèjì sábíyá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo rántí Tíṣà, mo jókòó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Fúráídè pé, àwa mẹ́ta la lọ. Ọ̀tún, pupa. Òsì, pupa. Akọ̀wé ti ń pe ẹni tó kàn.

"Dúró ńbẹ̀, ọmọ yìí!" ni mo pariwo. "Ìka ò tíì tán lọ́wọ́ ẹ̀!"

Tíṣà mú ìka kékeré òsì bàbá rẹ̀, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún, ó rọra gbé e lé ẹ̀rọ. Iná aláwọ̀ ewé tàn.

Akọ̀wé ní, "Ó ti wọlé."

Mo hó yèè! Mo dì mọ́ akọ̀wé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jágbe mọ́, gbogbo èrò ń pàtẹ́wọ́, Tíṣà ń fò sókè. Àbúrò mi nìkan ni kò mira. Ìka yẹn ló ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé mo lè tún un tẹ̀?"

Ó tún un tẹ̀. Iná náà tún tàn. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kọjú sí èrò tó wà lórí ìlà.

"Èmi ni o," ó ní. "Èmi ni bàbá ẹ̀."