Ìdá Kan Nínú Mẹ́rin fún Marit

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Marit Engebretson. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan létí adágún ńlá ní Wisconsin, níbi tí wọ́n ti ń rán ìbòrí ọkọ̀ ojú omi. Ọwọ́ rẹ̀ le bí ìsàlẹ̀ bàtà.

Orrin ọkọ rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lóun nìkan, á gba ìta lọ láìwọ kóòtù, yìnyín ìbáà bo ilẹ̀. Nítorí náà, ilé ìtọ́jú àgbà ló ń wà lójoojúmọ́ títí Marit á fi ṣíwọ́. Ètò kan tí Marit dá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ló ń jẹ́ kí apá rẹ̀ ká a. Òṣìṣẹ́ á yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó iṣẹ́ kí ìjọba tó bu owó orí, á fi sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ kékeré tàbí aláìlera ilé rẹ̀. Láìsí ètò yẹn, ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni Orrin lè lọ.

Ní oṣù kọkànlá, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt tó ń bójú tó ìwé owó orí rẹ̀ wá.

“Marit, ẹ pa ètò yìí tì. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹ ẹ́. Òfin ní tẹni tó ni ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo owó tí wọ́n bá yọ sọ́tọ̀ lọ. Ti ọdún yìí ti bàjẹ́, ẹ máa san owó orí lé e.”

“Màá san án. Bébà ètò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọfí látọjọ́ yìí. Ṣé èmi ni mo fọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lójú ni?”

“Òfin ò bèèrè ìyẹn.”

“Ìgbà wo ni ìforúkọsílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ń parí?”

“Kí ọdún tuntun tó wọlé. Ìmọ̀ràn mi ni pé...”

“Ẹ mú ìmọ̀ràn yín dání lọ. Mi ò pa nǹkan kan tì.”

Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí wọ́n wọ ètò náà. Dwight bí ìbejì. Ó ní, “Mo rò pé ti àwọn obìnrin ni, ọ̀gá.”

“Ṣé ìyàwó ẹ nìkan ló bí wọn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Dwight tọwọ́ bọ̀wé. Renske náà tọwọ́ bọ̀ ọ́ nítorí ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde. Ó ku Corliss. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Verla, tó ń bá èèyàn tọ́mọ nílé rẹ̀, làwọn ọmọ Corliss ń wà, Verla sì kọ̀ láti fún wọn ní nọ́ńbà tí ìjọba fi mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má bàa bu owó orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láìsí nọ́ńbà alágbàtọ́, ìwé ò pé.

Ní Sátidé, Marit mú Orrin dání, ó lọ bá Verla.

Verla ní, “Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń tọ́mọ ọlọ́mọ. Nọ́ńbà mi ò kan ẹnì kankan.”

“Mi ò wá bẹ̀bẹ̀, Àǹtí. Ohun tí ìjọba bá bù lọ́wọ́ yín, Corliss á fi owó orí tí kò ní san mọ́ dí i fún yín, á ṣì jèrè.”

“Ẹnu ẹ mú. Ìwọ náà ńkọ́? Èwo ni tìẹ níbẹ̀?”

“Ìdá kan nínú mẹ́rin. Mi ò ní gbà kó dín.”

Ibi tí wọ́n ti ń fà á, Orrin ti ṣílẹ̀kùn. Verla ló kọ́kọ́ di apá aṣọ rẹ̀ mú.

“Orrin, níbo?”

“Mo fẹ́ kó yìnyín ẹnu ọ̀nà yín.”

Kó tó di pé ó ń gbàgbé nǹkan, ọdún mọ́kànlá ló fi kó o fún Verla, kò gba kọ́bọ̀. Verla ti ilẹ̀kùn.

“Mú bírò wá. Corliss nìkan ni mo kọ ọ́ fún o. Kí ẹlòmíì má yọjú síbí.”

Iye kan náà ni Marit àtàwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ. Pruitt yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

“Tiyín ti kan góńgó ìdá kan nínú mẹ́rin, Marit.”

“Ṣé ó kọjá?”

“Kò kọjá.”

“Ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Marit jẹ ẹja díndín, ọ̀dùnkún sísè, àti búrẹ́dì dúdú tí Verla fi rán Corliss sí i.