Àwa La Gbé Bẹ́ǹṣì Síbẹ̀

Ilé tí a ti ń gbá sínúkà, eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, ní Ṣàpọ́n ti di ṣọ́ọ̀bù táyà. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ aṣọ tábìlì sínúkà wa ni wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà iwájú ilé, kí oníbàárà lè rí ibi gbà wọlé. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mi ò kì í tẹ̀ ẹ́. Màá fo gọ́tà náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò fẹ́ fífò mọ́. Àwọn ọmọ tó ń ta táyà máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá tíṣà ń fò bí ewúrẹ́. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Alájì kan ló ni ilé náà. Aṣọ ni bàbá rẹ̀ tà, aṣọ lòun náà ń tà, kò sì gbá sínúkà rí láyé rẹ̀ kí tábìlì yẹn tó dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn òyìnbó kan tó wá ṣe ọ̀nà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, Alájì lọ bá wọn ra fìríìjì, ó sì ra tábìlì mọ́ ọn. Ó ní òun rò pé tábìlì ìjẹun ni. Mi ò gba ìyẹn gbọ́ rí, nítorí ta ló ń jẹun lórí tábìlì oníhò mẹ́fà? Àmọ́ ó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́, àwa náà sì fẹ́ràn láti máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òfin ilé náà kò pọ̀. Kò sí ọtí, nítorí ilé mùsùlùmí ni. Kò sí tẹ́tẹ́, nítorí ìdí kan náà. Bí wọ́n bá pe ìrun, a ó gbé ọ̀pá sílẹ̀ kí àwọn tó ń kírun lọ kírun, àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì á sì máa ṣọ́ bọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni má bàa sún un. Ẹni tó bá borí lọ́sàn-án Sátidé ni yóò jókòó sórí àga onítìmùtìmù Alájì títí di Sátidé mìíràn. Àwa yòókù, orí bẹ́ǹṣì gígùn ẹ̀bá ògiri ni. Àga yẹn ni gbogbo wa ń torí rẹ̀ làágùn. Òfin kan ṣì tún wà tí à ń pè ní ọwọ́ àgbà: bí bọ́ọ̀lù funfun, èyí tí a fi ń gbá àwọn yòókù, bá lẹ̀ mọ́ etí tábìlì, tí ẹni tó fẹ́ gbá a sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹni tó kéré nínú wa yóò fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sún un wá sí àárín, kí bàbá má bàa ṣe wàhálà. Ọ̀wọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Bàbá gáàdì ló dàgbà jù nínú wa. Rélùwéè ló bá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní Láfẹ́nwá. Gáàdì ni ẹni tó máa ń wà ní kọ́ọ̀ṣì tó kẹ́yìn pátápátá nínú ọkọ̀ ojú irin, tó ń fi àsíá aláwọ̀ ewé àti àsíá pupa bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Bàbá ní bí ọkọ̀ bá ti ń yí kọ́nà, láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lòun ti ń rí ilẹ̀kùn tí wọn ò tì dáadáa nínú kọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ ló fi ń yangàn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé Ìbàdàn, òun nìkan ló sì wà nínú yàrá méjì nísàlẹ̀ Ṣàpọ́n. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, mi ò rò pé ó ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tó bá di Sátidé, yóò wọ kákí tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, yóò wá gba àga.

Àwa tó kù, mẹ́ta ni a kì í pa Sátidé jẹ: Alájì fúnra rẹ̀, onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì ọ̀nà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àti èmi. Ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mí, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí, mi ò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Ọdún 1982 ni mo rò pé ó bẹ̀rẹ̀, nígbà òjò. Bàbá gáàdì ń yí tábìlì ká, ó fi ojúgun kọ bẹ́ǹṣì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì yẹn wọ ilé, kò sún kúrò lójú kan rí. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, onígbàjámọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ dé àbọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, àwa la gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀." Bàbá bá wa wí pé a ò létò, pé irú wa kò lè ṣiṣẹ́ rélùwéè. A tọrọ àforíjì, eré sì ń lọ. Ní Sátidé kejì, ó tún kọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún, ó ti di ohun tí à ń sọ bí ẹni ń kí ènìyàn.

A mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, gbogbo wa la mọ̀. Ẹni bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í rí i. Ẹni bá na ìgò kóòkì sí i láti ọ̀tún, ọwọ́ ẹni yẹn á wà nínú afẹ́fẹ́ títí yóò fi rọ. Ohun tó bá wà lọ́ọ̀ọ́kán gan-an ló ń rí, ìyẹn ló sì ń tàn wá jẹ, nítorí ó ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù lọ tààrà sínú ihò. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún àgbà láàárín àwùjọ pé ojú rẹ̀ ti ń lọ? Wọ́n kọ́ wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tí ọmọdé yóò ṣe bó bá jẹ́ orí àgbà ló ń wọ́.

Èmi, ọ̀mọ̀wé, ni mo bẹ̀rẹ̀ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ kan, bàbá tẹ̀ síwájú láti gbá, ó wo iwájú, ó wo iwájú, ó ní níbo ni funfun wà. Apá òsì rẹ̀ ló wà, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo ní, "Ọwọ́ àgbà, sà," mo gbé e, mo sì gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀ ní ojú ibi tí kò ti lè tàsé. Ó fi gbá pupa kan wọlé. Àtìgbà yẹn, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan di méjì, méjì di ibi tó bá wù wá. Bó bá ń fi ṣọ́ọ̀kì pa orí ọ̀pá, a ó ti to bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà rẹ̀. Bó bá sì tàsé, onígbàjámọ̀ yóò fọwọ́ ti bọ́ọ̀lù sínú ihò kí bàbá lè gbọ́ bó ṣe ń jábọ́. Bàbá ń borí, ó ń jókòó sórí àga, ó ń sọ fún wa pé a ò tíì mọ eré. Inú wa ń dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù lónìí, pé inú wa ń dùn, à ń wo ara wa bí ọmọlúwàbí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Ìbàdàn lásìkò Àjíǹde ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó yà sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ Sátidé, kí bàbá rẹ̀ tó dé. Ó kúnlẹ̀ kí Alájì, ó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan. Ó ní òun na ife omi sí bàbá òun lánàá, wọn ò rí i. Ó ti bá dókítà ojú kan ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀, bí àwa bá ti rí irú rẹ̀ níbí, òun á mú wọn lọ lọ́jọ́ Túsìdeè tí ìsinmi bá parí, bí wọ́n fẹ́, bí wọ́n kọ̀. Bí àwa ò bá sì rí nǹkan kan, á jẹ́ pé àárẹ̀ àgbà ni, òun ò ní fi agídí mú wọn.

Alájì rẹ́rìn-ín, ó ní ojú bàbá kẹ̀, ṣé bàbá tó ti ń jókòó sórí àga òun láti bí oṣù mẹ́ta? Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Èmi ló kọjú sí.

"Tíṣà, ẹ̀yin ń kọ́?"

"Ojú wọn dá ṣáká," mo ní. "Wọ́n borí mi ní Sátidé tó kọjá."

Ó mí kanlẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó tiẹ̀ fún wa ní bisikí tó rà bọ̀, ó sì padà sí Ìbàdàn lóun nìkan. Mo ti wá ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ títí. Mo ní mo ń dáàbò bo iyì bàbá. Kì í ṣe òótọ́ tán. Bí mo bá sọ pé kò ríran, màá ní láti sọ bó ṣe ń borí.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, bàbá gáàdì já sínú gọ́tà ní Láfẹ́nwá, ní ọ̀sán gangan, níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ti lo ayé rẹ̀. Apá rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn tó to egungun rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Dókítà ojú ní àrùn kan ni tí kì í dun ènìyàn, etí ìríran ló ti máa ń jẹ ẹ́ wọ àárín. Ó ní ká ní wọ́n tètè mú un wá ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn ni, oògùn àkánsójú ìbá dáàbò bo ìríran tó ṣẹ́kù. Èyí tó ti lọ kì í padà. Ó bi bàbá pé ṣé kò ti ń kọsẹ̀ lára nǹkan kó tó ṣubú yìí. Bàbá ní rárá o, àwọn ọmọ kan ní Ṣàpọ́n ni wọ́n máa ń gbé bẹ́ǹṣì káàkiri. Ó ní òun ń gbá sínúkà, òun sì ń borí. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń gbọ́.

Wọ́n máa ń sọ pé òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ní tiwa, àwa la pa irọ́, orí ẹlòmíràn ló fi gbọgbẹ́.

Ọmọbìnrin náà mú bàbá wá sọ́dọ̀ wa ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tó kú sí láìpadà wá sílé mọ́. Ọmọbìnrin náà kò ṣépè fún wa. Kò tiẹ̀ wo ojú wa. Bàbá wọ kákí rẹ̀, apá kan wà nínú aṣọ ìkọ́rùn. Ó fọwọ́ wá etí tábìlì, ó sì rọra ń fọwọ́ ra aṣọ orí tábìlì náà.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" bàbá béèrè.

Alájì ní kí bàbá má bínú, àwa ò fẹ́ tàbùkù wọn ni.

"Dírẹ́bà kì í rí ẹ̀yìn ọkọ̀," bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Gáàdì ló ń sọ fún un. Bí iná bá ń jó lẹ́yìn, tí gáàdì ò sọ, dírẹ́bà á máa wa ọkọ̀ lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún wọn. Kò sí dírẹ́bà kan tó sọ pé mo tàbùkù òun."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ mo rántí pé kò ní rí i. Mo dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ní ó tó, kí àwọn máa lọ, ó sì yí padà kí ọmọ rẹ̀ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojúgun rẹ̀ kọ bẹ́ǹṣì.

"Ẹ má bínú sà," onígbàjámọ̀ ti sọ ọ́ kó tó mọ̀, "àwa la…"

Bàbá dúró, ó dẹ etí sílẹ̀. Ó dúró títí tó fi hàn pé kò ní lọ bí ọ̀rọ̀ náà kò bá pé.

"Àwa la gbé e síbẹ̀, sà," onígbàjámọ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá ní. "Ẹ̀yin ni."