Pátákó Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Efire

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Efire. Bí mo ṣe fẹ́ bu omi mu, pátákó gbọọrọ kan ni mo rí tí wọ́n fi dé dúrọ́ọ̀mù. Mo yí i padà. ÀGÓ-ÌWÒYÈ ni wọ́n kọ sí i.

Kí bàbá mi tó fẹ̀yìn tì, àwọn ló ń kọ pátákó tí ọkọ̀ gáréèjì agbègbè wa ń gbé sórí kí èrò lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

"Màmá, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ọkọ̀ tó máa ń kó ẹja ló já a sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní ìlẹ̀kùn, òun ni wọ́n fi dí i. Máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n wá nǹkan mìíràn dé omi mi."

Mo wá páànù kan dé e. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó. Inú ọkọ̀ ò gba pátákó, ni dẹ́rẹ́bà bá so ó mọ́ orí ọkọ̀, ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí kọjú síwájú. Láàárín ọ̀nà, àlùfáà kan àti ìyá ìjọ aláṣọ funfun kan dá wa dúró, wọ́n sì wọlé. Bí a ṣe dé Òrù tí ọkọ̀ yà sí ọ̀nà Igbó, ìyá ìjọ figbe ta.

"Dẹ́rẹ́bà, ibo lò ń gbé wa lọ?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó ni, Mà."

"Kí ló wà lórí ọkọ̀ rẹ?"

"Subuhánallàhi!" ni àlùfáà wí. "Àgó-Ìwòyè ni èmi kà!"

Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó wòkè, ó wá yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹrù yín ń pe èrò ju kọndọ́kítọ̀ mi lọ."

Ó di dandan kó kọ́kọ́ gbé wọn dé Àgó. Kí ìyá ìjọ tó sọ̀, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní làákàyè. Gbogbo ọkọ̀ ló ṣe àmín.

Nígbà tí mo délé, mo fi ìdùnnú gbé pátákó síwájú bàbá mi. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ta ló kọ rádaràda yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Wo Y rẹ̀ bó ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mu ẹmu yó. Ọ̀gbẹ́ni tá a jọ ń du iṣẹ́ l'Órù ló kọ ọ́."

Mo ní kí n lọ dà á nù, wọn ò gbà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Bí àlejò bá ti yà, wọ́n á fi ọ̀pá tọ́ka sí i: "Ẹ wò ó, bí wọn kì í ti í kọ pátákó nìyẹn."