Ìpàdé Tí Mo Ti Ṣe Ògbufọ̀ fún Ìyá Mi

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ojú irin tuntun máa gba abẹ́ ilẹ̀ Ìkòsí kọjá, kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ náà sí ládùúgbò wa. A ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kan dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fa amọ̀ jáde, tí wọ́n sì ń tò ó sínú àpótí onígi gbọọrọ, ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ibi tó máa já sí.

Mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó sì mọ àdúgbò, wọ́n sì gbà mí. Èmi ni mò ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Èmi náà ni mò ń ṣe ògbufọ̀ nínú ìpàdé. Ọ̀gá tó gbà mí kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ pé ohun tí èèyàn bá sọ gan-an ni kí n sọ, kí n má fi kún un, kí n má sì yọ níbẹ̀. Mo ní mo gbọ́.

Ojú irin fúnra rẹ̀ máa wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí èrò máa gbà sọ̀ kalẹ̀, òkè ló máa wà. Mo ń wo àwòrán iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan ni mo rí i pé iwájú ilé wa ni wọ́n fi àtẹ̀gùn ọ̀hún sí. Bàbá mi la sin síwájú ilé yẹn, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. A fi táìsì funfun bo ojú sàréè náà. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun Alásárì bó bá ti dé láti Mile 12, níbi tó ti ń ta àlùbọ́sà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ sọ fún un. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, “Ṣé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ni, àbí wọ́n ṣì ń bèèrè?”

“Wọ́n ṣì ń bèèrè, Mọ́mì. Ìpàdé wà lọ́jọ́ Sátidé.”

“Ṣé ìwọ lo máa bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀?”

“Èmi ni.”

“Ó dáa. Màá wá.”

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Kétu la ti ṣèpàdé. Alága àwọn onílé jókòó síwájú, ẹnjiníà àgbà, ọkùnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n bi í bóyá ògiri ilé máa sán, bóyá omi kànga máa gbẹ. Ó dáhùn, mo túmọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi dìde.

Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Àńtí. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé ọkọ mi wà níbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́.”

Àwọn èèyàn yíjú sí mi. Ọ̀pọ̀ wọn ló mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Láti ìgbà tí ìyá mi ti bí mi, kò tíì fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo kọjú sí ẹnjiníà, mo sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé obìnrin yìí ní wọ́n sin ọkọ òun síbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. N kò sọ pé bàbá mi ni, nítorí òun kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi tún ní, “Ilẹ̀ òfìfo wà ní òdìkejì títì. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò lò ó?”

Ẹnjiníà ní ó jọ pé omi pọ̀ lábẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn á lọ gbẹ́ ẹ wò, àwọn ará àdúgbò á sì yan àwọn tó máa dúró tì wọ́n. Wọ́n yan ìyá mi mọ́ wọn.

Nígbà tí ìpàdé tú ká, ẹnjiníà bi mí bóyá mo mọ obìnrin náà. Mo ní ìyá mi ni. Ó wá bi mí bóyá mo fẹ́ kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Mo ní rárá.

Ìyá mi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbẹ́ òdìkejì títì. Wọn ò tíì jìn púpọ̀ tí omi fi ń ru sókè. Ó bù lára ẹrẹ̀ náà, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. “Ilé ò lè dúró lórí èyí,” ó sọ fún àwọn tó kù. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí àtẹ̀gùn wà níwájú ilé wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín in kù, kó jẹ́ iwájú ilé nìkan ni wọ́n máa wó, kí yàrá ẹ̀yìn lè dúró. Ṣùgbọ́n sàréè kò lè dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Owódé Onírin, fẹ́ kí a tún bàbá wa sin sẹ́yìn ilé. Ìyá mi kọ̀.

Ó ní, “Ẹ gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.”

Àárọ̀ ni wọ́n hú u. Àfáà ṣàdúrà, wọ́n fi aṣọ funfun tuntun dì í. Mo dúró láàárín àfáà àti ọkùnrin tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́, mò ń túmọ̀: ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí òkú kọjú sí ìlà oòrùn. Mo ti rò pé màá sunkún. N kò sunkún. Ìyá mi ló kó táìsì náà jọ, ó sì fọ̀ wọ́n.

Iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ilé ni ìyá mi ń gbé báyìí, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò. Nínú ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, òun àti àwọn obìnrin ọjà ló fàáké kọ́rí pé àtẹ̀gùn nìkan kò tó, kí wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹni tó rẹrù lè gbà. Ẹnjiníà ní àwọn á ṣe é, wọ́n sì ti fi í sínú àwòrán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi ìyá mi bóyá ó máa wọ ọkọ̀ ojú irin náà tí wọ́n bá parí ẹ̀.

Ó ní, “Kí ló dé tí mi ò ní wọ̀ ọ́? Wọ́n ní ó máa ń tutù nínú ẹ̀.”