Ẹnu Tí Wọ́n Ní Kí N Là

Mo máa ń gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí ìdajì ìlú wa, Ẹ̀rúnmú, ló rò pé n kì í gbà á.

Bàbá mi, tíṣà àtijọ́ nílé-ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló kọ́ mi. Láàárọ̀, kí wọ́n tó gbé àdá lọ sóko, wọ́n á jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ṣí fìlà lé orúnkún, wọ́n á pa ẹnu dé. A ò ní gbọ́ nǹkan kan títí wọ́n á fi dé fìlà padà. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn látìgbà tí mo ti gbọ́n.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí títí ọkọ mi fi ṣubú lọ́jọ́ tó ń ti Adégbáyì bọ̀, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ya Ọjọ́rú sọ́tọ̀ fún àdúrà rẹ̀. Ìyá tó ń darí á ní kí a la ẹnu wa, ilé á sì mì tìtì. Èmi nìkan á dúró láàrin wọn bí ẹni tí kò mọ orin. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá adarí náà wá dúró níwájú mi, wọ́n kéde pé ẹnu kan wà nínú ilé yìí tó pa dé, òun ló dínà ìwòsàn. Wọn ò dárúkọ. Ojú gbogbo ìjọ ló bá wọn dárúkọ.

Inú bí mi débi pé mo sunkún. Wọ́n ní ẹkún náà dáa, ó ku kí n la ẹnu.

Nílé, ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo jẹ́ ìyàwó wọn. "Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Kí ló le nínú kéèyàn pariwo?"

Mo sáré fà wọ́n dìde. "Màmá, mo ń gbàdúrà fún un."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

Bí mo bá lọ tí mo dákẹ́, èmi ni mò ń pa ọkọ mi. Bí n kò bá lọ, èmi náà ni. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Ni mo bá la ẹnu ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti máa fi igbe sọ ohun tí èmi àti Ọlọ́run máa ń sọ ní jẹ́jẹ́. Ìsọdipúpọ̀ tí mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nílé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà láàárọ̀ ọjọ́ náà ló jáde: méje lọ́nà kan, méje, méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá. Mo mi orí, mo pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tí mo fi dé mọ́kàndínláàádọ́ta, mo ti ń fò sókè. Nínú ariwo yẹn, ta ló ń gbọ́ ti ẹnìkejì?

Ìyá adarí dì mọ́ mi, wọ́n ní iná ti ràn. Ìyá ọkọ mi jó délé. Láti ìgbà náà, ní Ọjọ́rú-Ọjọ́rú, mo ka méje tán, mo bọ́ sí mẹ́jọ. Mo ti dé méjìlá báyìí. Wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó tuntun.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ìyá ọkọ mi lọ sóko, ó wá ku èmi àti ọkọ mi nìkan. Ahọ́n rẹ̀ ṣì wúwo. Ó ní, "Tíṣà, gbàdúrà fún mi. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bíi ti bàbá rẹ."

Mo kúnlẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ tó rọ náà mú, mo di ojú, mo pa ẹnu dé. Mo wá ohun tí mo fẹ́ sọ.

Méje lọ́nà kan, méje.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Méje lọ́nà kan, méje. Ẹ̀rù bà mí, n kò lè la ojú. Ó ń fi sùúrù dúró dè mí. Nígbà tó rò pé mo ti parí, ó ní, "Àmín."