Orúkọ Mẹ́ta fún Ìyá Kan

Nọ́ọ̀sì Jíbọ́lá Èṣùbíyì kì í sọ nǹkan nù. Rìsíìtì iná ọdún tó kọ́kọ́ dé Benin ṣì wà nínú páálí bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Oregbeni, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tó ti Ìdànrè wá. Pásítọ̀ ìjọ wọn bẹ̀ ẹ́ títí kí òun àti ọkọ rẹ̀ pààrọ̀ orúkọ Èṣùbíyì. Ó ní ìwé tí òun máa tún ṣe ti pọ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè tọ́jú ni páswọ́ọ̀dù. Bó bá ti gbàgbé ọ̀kan, àkáǹtì tuntun ló máa ń ṣí.

Àṣà yìí ló kó o sí wàhálà lọ́sẹ̀ tí ilé ìwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Airport Road fẹ́ fi í ṣe mátírọ́ọ̀nù. Wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo wá, tó fi hàn pé ó ti ka kọ́ọ̀sì mẹ́fà, kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi sípò. Jíbọ́lá ti ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí ìkànnì kan ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ inú àkáǹtì mẹ́ta ló ti kà wọ́n, méjì méjì, àfi kó dà wọ́n pọ̀ sí ọ̀kan. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Jíbọ́lá ò wo ilé, kò wo ọ̀nà, kó tó ṣí àkáǹtì.

Gbogbo nọ́ńbà fóònù tó fi ṣí wọn ló ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ìbéèrè kan náà ni kálukú wọn ń bi í kó tó gbà á wọlé: kí ni orúkọ ìyá rẹ?

Ta ní ń pe orúkọ ìyá ẹ̀? Dọ̀tun ni àkọ́bí ilé wọn, Ìyá Dọ̀tun sì ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá wọn. Orúkọ yẹn ló tẹ̀, àkáǹtì kìíní ṣí. Ìgbà tí ìyá wá bá a wẹ ọmọ ní Benin ló ṣí ìkejì, Màmá Ìdànrè sì ni gbogbo ilé ń pè é nígbà náà. Ó tẹ ìyẹn náà, ó ṣí. Ìkẹta kọ̀ jálẹ̀. Kò gba Ìyá Dọ̀tun, kò gba Màmá Ìdànrè. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá tún ṣì í, wọ́n á tì í pa fún oṣù kan.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú nìyẹn. Gbóyèga ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

“Ìgbà wo lo ṣí i?”

“Wọ́n kọ ọ́ síbí. Oṣù Kẹta, ọdún márùn-ún sẹ́yìn.”

Gbóyèga gbé àgbàdo sílẹ̀. “Ìdànrè lo wà nígbà yẹn. Ìgbà ìsìnkú Màmá.”

Jíbọ́lá rántí. Ó sá fún àwọn àlejò wọ yàrá Dọ̀tun, ó ń fi fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì pa ẹkún mọ́ra. Póstà ìsìnkú wà lára ògiri, ó dojú kọ ọ́.

“Orúkọ tí wọ́n kọ sára póstà yẹn ńkọ́?” ni Gbóyèga wí. Òun náà ò jẹ́ pe orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀.

Jíbọ́lá tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Adéṣọlá. Àkáǹtì ṣí. Àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an.

Kọ́ọ̀sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò jọ sójú kan, ipò mátírọ́ọ̀nù ò sì bọ́ mọ́. Ó wá ku ohun kan. Ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa tọ́jú, ìyókù á pa rẹ́.

“Fi orúkọ gidi yẹn sílẹ̀,” ni Gbóyèga wí.

Jíbọ́lá wo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mọ̀ pé bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ìdànrè láyé ọjọ́un, tó ń pe Adéṣọlá títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá òun lè máà yọjú. Ìyá Dọ̀tun ló mú. Orúkọ tí ìyá máa ń dáhùn sí nìyẹn.